Ìjàpá Kékeré Nínú Ilé: Omi àti Oòrùn Ṣáájú Oúnjẹ

   Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ ìjàpá la mú wá lónìí, mi ò sì ní pa àlọ́ fún yín. Ìjàpá gidi ni mò ń wí, èyí tí àwọn òbí ń rà fún ọmọ nígbà ìsinmi, tí wọ́n ń gbé wọlé nínú páálí bàtà, tí gbogbo ilé á máa yọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bojú wò mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ kíá. Ìjàpá kékeré tó ń kú nínú ilé, ebi kọ́ ló sábà ń pa á. Òǹgbẹ ló ń pa á, àti àìróòrùn, àti òtútù. Ẹni tó bá ra ìjàpá, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi ẹni tó tà á fún un ni pé, “Kí ló ń jẹ?” Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ipò kẹta ló yẹ kó wà. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ajá, á máa tẹ̀lé yín kiri ilé. Ewúrẹ́ á ké títí àwọn ará àdúgbò á fi bi yín léèrè. Ìjàpá kò ní ké. Á fa orí sínú igbá, á dijú, àwọn ará ilé á sì ní ó ń sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ètò, ìyá kan pè wá láti Mọ́níyà.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ìjàpá tí bàbá àgbà rà fún ọmọ mi ni o. Kò lajú láti ìjẹta.”

Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ibo lẹ gbé e sí?”

“Inú páálí ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ibẹ̀ ṣe ibi tí kò ti sí ariwo fún un.”

“Omi ńkọ́?”

“Omi kẹ̀? Ṣebí wọ́n ní ìjàpá kì í mu omi!”

Gbogbo ọ̀rọ̀ òní ló wà nínú ìdáhùn yẹn. Obìnrin náà fẹ́ràn ẹran ọmọ rẹ̀, ó ń já ewé fún un láràárọ̀, kò fi nǹkan kan dù ú. Ó kàn jẹ́ pé ohun tí ẹran náà nílò jù lọ ni wọ́n sọ fún un pé kò nílò. Mo ní kó gbé e sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìjàpá tó bá ti dijú fún ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá ohun tí a ń fi ẹnu tọ́jú lórí fóònù.

Kí a tó dé ìdí omi, ẹ wo irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín ná, torí ìjàpá ju ẹyọ kan lọ. Nínú igbó àti oko wa níhìn-ín, àwọn kan wà tó ní àgbékọ́ lẹ́yìn igbá. Bẹ́ ẹ bá gbé àgbà wọn sọ́wọ́, ẹ óò rí i pé apá ẹ̀yìn igbá náà ń ṣí, ó sì ń pa dé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù bí ìlẹ̀kùn. Kinixys ni àwọn onímọ̀ ń pe ìran wọn. Àgbékọ́ yìí kì í tíì hàn lára ọmọ wẹ́wẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ṣòro láti dá wọn mọ̀. Òjìji igbó àti abẹ́ ewé tó ń jẹrà ni àwọn tó ń gbé inú igbó kìjikìji fẹ́ràn, wọ́n sì ń jẹ olú, èso tó já bọ́, ekòló àti ìgbín. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nínú ilé. Bẹ́ ẹ bá pàdé ọ̀kan lọ́nà oko, tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ làwọn kan ń rò ní báyìí. Ẹ jẹ́ kó máa lọ náà ni.

Ìkejì ni èyí tó ń wá láti òkè Ọya àti etí aṣálẹ̀, láti Senegal àti Mali títí dé Niger, Chad àti Sudan. Sulcata ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí káàkiri ayé. Àwọ̀ iyanrìn ló ní, ẹ̀gún líle sì wà nítan rẹ̀. Wọ́n ń sìn ín gan-an ní Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni ọmọ yín ń bẹ̀ yín fún. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kò ju sẹ̀ntímítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ ní gígùn. Òun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ òfin, kíá. Láti 1974 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES, gbogbo ìran ìjàpá orí ilẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìjàpá kọjá ibodè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Láti 2000 sì ni wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ sí òwò sulcata tí wọ́n mú nínú ìgbẹ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nítorí náà, ẹ má ki ìjàpá bọ àpò tí ẹ fẹ́ gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí pé ọmọ-ọmọ yín ní òun fẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú àṣìrò wa nípa ìjàpá, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjàpá la ti kó o. Gbogbo yín lẹ mọ Alágbà, ìjàpá tó wà láàfin Ṣọ̀ún, ọba Ogbómọ̀ṣọ́, tó kú ní oṣù kẹwàá 2019. Ààfin sọ pé ọdún 344 ló lò láyé. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ní iye yẹn pọ̀ jù, pé ìjàpá kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní bá ààfin du ọjọ́ orí. Ohun tó kàn mí ni pé nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ jáde, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń jẹun tó sì ń mu omi, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjàpá tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ ti gba omi àti ọ̀rá pamọ́, lè fara da ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ láìmu. Ọmọ ìjàpá tí gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bí 35 gíráàmù lọ kò ní ibi tó lè fi omi pamọ́ sí. Ẹ má fi ìwọ̀n Alágbà wọn ọmọ oṣù méjì.

Ó yá, ẹ wá abọ́ tó tẹ́jú, tí ẹ kò fi jẹun. Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kó má jó ọwọ́, kó má sì tutù. Kí omi náà dé àgbọ̀n ìjàpá, kó má bo imú rẹ̀, torí ìjàpá orí ilẹ̀ kò mọ odò wẹ̀, omi á pa á. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ ní àárọ̀ kó tó jẹun, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lójoojúmọ́, títí á fi pé ọdún kan ó kéré tán. Ẹ jókòó tì í. Á kọ́kọ́ máa fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ abọ́, á fẹ́ jáde. Tó bá yá, á dúró, á na ọrùn síwájú, á tẹ imú bọ omi, ẹ óò sì máa rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń lọ sódò. Ó ń mu omi nìyẹn. Ibẹ̀ náà ló sábà máa ń yàgbẹ́ sí, tí á sì tọ̀.

Ẹ má tètè da omi náà nù. Ẹ wò ó. Ohun funfun kan máa ń bá ìtọ̀ ìjàpá jáde. Bó bá rọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, kò séwu. Bẹ́ ẹ bá fi ìka ra á, tó le, tó ń ṣe hóró-hóró, òǹgbẹ ti ń wọ ẹran náà lára. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun funfun yìí á di òkúta nínú àpò ìtọ̀. Òkúta ọ̀hún, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́, dókítà sì lè ní láti fi ayùn la egungun àyà rẹ̀ kó tó rí i. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn, ẹ fi wé owó abọ́ omi kan. Lẹ́yìn wíwẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ da omi náà sí ilé ìgbẹ́, ẹ má dà á sí ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ.

Omi inú abọ́ nìkan kò tó. Afẹ́fẹ́ tó ń mí gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń sin ìjàpá gbà pé oúnjẹ tó ní purotéènì jù ló ń mú kí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ máa yọ gegele, tí ojú igbá kọ̀ọ̀kan á máa ga ṣóńṣó dípò kó tẹ́jú. Ní 2003, àwọn olùwádìí méjì ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, Wiesner àti Iben, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ọmọ sulcata. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, wọ́n yí oúnjẹ padà fún àwọn kan, wọ́n yí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ padà fún àwọn kan. Àwọn tí afẹ́fẹ́ wọn gbẹ ni igbá wọn yọ gegele jù. Ti purotéènì kò tó nǹkan. Èyí ya àwọn kan lẹ́nu, torí ẹran etí aṣálẹ̀ ni sulcata, wọ́n rò pé ibi gbígbẹ ló yẹ ẹ́. Wọ́n gbàgbé pé inú ihò ilẹ̀ ló ń sá sí nígbà tí oòrùn bá mú, ihò náà kì í sì í gbẹ bí òkè ilẹ̀ ṣe gbẹ.

Nítorí náà, ẹ má fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ẹ wá iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ tí kò ní ajílẹ̀ àti oògùn, ẹ pò ó mọ́ ìhá àgbọn tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, kí ó jìn tó kí ọmọ ìjàpá lè walẹ̀ bora. Ẹ máa bu omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí òkè rẹ̀ máa gbẹ díẹ̀. Ẹ fi àpáàdì ìkòkò amọ̀ ńlá kan dojú délẹ̀ ní igun kan, kí abẹ́ rẹ̀ máa lọ́rinrin. Ibẹ̀ ni á máa sùn. Nígbà ọyẹ́, tí ètè àwa náà ń bó, ẹ bu omi sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ibẹ̀ móoru o. Ọ̀rinrin pẹ̀lú òtútù, àìsàn àyà ló ń bí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù ní pálọ̀, yàrá yẹn kọ́ ni ibùgbé ìjàpá. Ìjàpá kò lè fúnra rẹ̀ mú ara rẹ̀ gbóná bí àwa. Bí ibi tó wà bá tutù, inú rẹ̀ á dẹ́kun iṣẹ́, oúnjẹ tó jẹ á kàn jókòó síbẹ̀, á máa bàjẹ́. Ẹni tó bá rí i pé ìjàpá òun kò jẹun, kó kọ́kọ́ wo bí yàrá ṣe tutù sí kó tó pààrọ̀ ewé.

Ó wá kan oòrùn. Bí oòrùn bá tilẹ̀ ń wọ pálọ̀ yín láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó bá jẹ́ gíláàsì ló gbà wọlé, kò ṣe ìjàpá láǹfààní tó yẹ. Ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB. Òun ló ń bá awọ ara ìjàpá ṣe fítámínì D, fítámínì yìí ló sì ń jẹ́ kí ara rẹ̀ gba kálíṣíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ sínú egungun. Gíláàsì máa ń dá UVB dúró. Ooru á wọlé, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, UVB á dúró síta. Egungun sì ni igbá ìjàpá, òkè àti ìsàlẹ̀. Ìjàpá tí kò rí UVB, igbá rẹ̀ á máa rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọ́, àgbọ̀n rẹ̀ á tẹ̀, títí tí kò fi ní lè rìn tàbí kó já ewé jẹ, bó ti wù kí ewé náà dára tó.

Àwa tí a wà nílé, Ọlọ́run ti bá wa san owó gílóòbù. Ẹ gbé e síta láàárọ̀, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, nínú báàfù tí ògiri rẹ̀ ga tí kò sì mọ́ gaara. Ẹ fi pákó tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ìdajì rẹ̀, kó lè sá wọ òjìji nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná tó. Ẹ má gbé e sóòrùn nínú àpótí gíláàsì láé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á jiná síbẹ̀. Kí àgbàlagbà kan sì jókòó tì í, torí àwòdì àti kannakánná ń wo ọmọ ìjàpá bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ adìyẹ.

Ẹ̀yin ti òkè òkun, ibi tí oṣù kọkànlá ti ń ṣú láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ yín pọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ nílò gílóòbù UVB fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́, àti iná ooru kan ní igun kan, kí abẹ́ iná náà tó dìgírì 35, kí igun kejì wà ní nǹkan bí 27. Lóru, kó má wálẹ̀ ju nǹkan bí 26 lọ fún ọmọ sulcata, kí ibẹ̀ sì ṣókùnkùn, torí ó gbọ́dọ̀ sùn. Gílóòbù UVB kan wà tí á ṣì máa tàn yanranyanran nígbà tí UVB inú rẹ̀ ti tán. Nítorí náà, ẹ má wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ rà á ni kí ẹ kọ sí ara rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ṣe é bá ní kí ẹ pààrọ̀, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹ so iná ooru mọ́lẹ̀ dáadáa pẹ̀lú wáyà irin. Iná tó já bọ́ sórí koríko gbígbẹ á jó ilé. Ẹ tún fi sọ́kàn pé sulcata kì í sun oorun ìgbà òtútù. Àwọn ìjàpá ilẹ̀ Yúróòpù kan ń sùn ún, sulcata kò ní irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sínú fìríìjì tàbí sí gáréèjì nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tirẹ̀, ó ti pa á.

Ibùgbé rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpótí pákó tàbí ike ńlá tó fẹ̀, tí ògiri rẹ̀ ga, tí kò ṣeé wò kọjá, torí bí ìjàpá bá ń rí òdìkejì, á máa ti orí mọ́ ọn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹ má jẹ́ kó máa rìn kiri lórí táìlì. Ẹsẹ̀ ọmọ ìjàpá á máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, oríkèé rẹ̀ kò sì tíì le. Nílẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n pa, ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ń há wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé rọ́bà ìdìwó àti ìlẹ̀kẹ̀ mì. Ẹ gbé àpótí náà sórí tábìlì, kí ẹ ki ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo omi bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, kí eèrà àti ìjàlọ má baà rí ọ̀nà gùn ún. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin bo òkè rẹ̀ nítorí eku. Eku máa ń jẹ ẹsẹ̀ ìjàpá lóru, ìjàpá kò sì ní pariwo. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá, ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde, kí ẹ má sì dá a padà títí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fi mọ́.

Oúnjẹ rèé o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dúró dè é. Koríko àti ewé ìgbẹ́ ni oúnjẹ sulcata. Ewé yánrin dára. Ìgbálódé tó ń hù káàkiri àgbàlá wa, tó ní òdòdó kékeré, dára gan-an. Ewé àti òdòdó hibiscus, koríko tútù tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, ewé elégédé, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ má já a lẹ́bàá títì tàbí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí, àwọn oògùn wọ̀nyí sì ti pọ̀ lóko báyìí ju bí a ṣe rò lọ. Gbúre àti tẹ̀tẹ̀, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, torí ohun kan wà nínú wọn tó máa ń gbá kálíṣíọ́ọ̀mù mú, tí kì í jẹ́ kó dé egungun. Ewé ẹ̀gẹ́, ewé àbámodá àti ọrọ́ tó ń sun oje funfun, ẹ má jẹ́ kó dé iwájú rẹ̀.

Búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹ̀bà, mílíìkì àti oúnjẹ ajá kò sí lára oúnjẹ rẹ̀. Á jẹ wọ́n o, ìjàpá kì í kọ nǹkan dídùn, inú rẹ̀ ni kò ní gbà á. Bákan náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti tòmátò tí àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa jù sí i. Ẹ se èèpo ẹyin, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ máa wọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ sórí ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kálíṣíọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń rí tó ń bí mi nínú, mi ò sì ní fi bò. Àwọn kan máa ń lu ihò sí igbá ẹ̀yìn ìjàpá, wọ́n á ti okùn bọ ihò náà, wọ́n á so ó mọ́ igi. Wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n lára, pé òkú egungun ni. Kì í ṣe òkú. Ọ̀pá ẹ̀yìn ìjàpá àti egungun ìhà rẹ̀ ti so pọ̀ mọ́ igbá yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á mọ̀. Ihò tí irin gbẹ́ á gba kòkòrò wọlé, lára ọmọ wẹ́wẹ́ igbá náà tinrin débi pé irin lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀dà tí wọ́n ń kùn ún láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ náà kò dára. Bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù kó má sọ nù, ẹ gbé ògiri àpótí sókè sí i.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fetí sí èyí. Ìjàpá tí ara rẹ̀ le koko lè ní kòkòrò Salmonella nínú ìfun, kó má ṣe é ní nǹkan kan, kí ó sì sọ ọmọ kékeré sínú ìgbẹ́ gbuuru àti ibà líle. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa ìjàpá omi àti ti ilẹ̀ tí igbá wọn kò tó ínṣì mẹ́rin, torí àwọn ọmọdé ń fi wọ́n sẹ́nu, wọ́n sì ń kó àìsàn. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìfọwọ́kàn, ní gbogbo ìgbà. Kò sí fífi ẹnu kò ó lẹ́nu. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún máa fi ojú wò ó ni.

Àìsàn ńkọ́? Ẹ ra ìwọ̀n kékeré tí àwọn aṣe-kéèkì ń lò, èyí tó ń ka gíráàmù. Ẹ wọn ìjàpá lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kó tó jẹun, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yẹ kí iye náà máa gun òkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá dúró lójú kan tàbí tó ń wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan kan ń ṣe é, bí ó tilẹ̀ ń rìn tó ń jẹ. Ìwọ̀n yìí á sọ fún yín ṣáájú ojú yín. Bí imú rẹ̀ bá ń sun omi tó ń hó, tó ń la ẹnu mí, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tó jìn wọlé, tí igbá rẹ̀ ń rọ̀ dípò kó máa le sí i bó ṣe ń dàgbà, ẹ má dúró de ọ̀la.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Fásitì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, Fásitì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà ní. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́ pé ìjàpá ni o, torí abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ivermectin, tí wọ́n ń gún ewúrẹ́ àti ajá nítorí aràn àti èkúru. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn. Ìjàpá tí wọ́n bá gún un, iṣan rẹ̀ á rọ, ó sì lè kú. Dókítà tó mọṣẹ́ mọ èyí. Àwọn tó ń gbé báàgì abẹ́rẹ́ kiri abúlé kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbà kí wọ́n gún un.

Ó ku ohun kan tí ẹni tó ń tà á kì í sọ. Nínú gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ tó wà láyé, ti erékùṣù Galápagos àti ti Aldabra nìkan ló ju sulcata lọ ní títóbi. Èyí tí ẹ gbé sí àtẹ́lẹwọ́ lónìí lè wọn 50 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá dàgbà, á máa gbẹ́ ihò sábẹ́ ògiri yín, ó sì lè pẹ́ láyé ju ẹni tó rà á lọ. Ẹni tó ń gbé yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó tún un rò. Ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní Arizona, sulcata tí àwọn olówó wọn kò lè bọ́ mọ́ ti kún ọwọ́ àwọn tó ń gba ẹran tọ́jú.

Bó bá ti wà lọ́wọ́ yín, tí agbára yín kò sì ká a mọ́, ẹ má lọ jù ú sínú igbó tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ni, igbó wa kò bá a lára mu, ó sì lè kó àìsàn bá àwọn ìjàpá tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà ẹran tí mo dárúkọ ibi iṣẹ́ wọn yẹn, tàbí kí ẹ lọ bi àwọn tó ń bójú tó ọgbà ẹranko Fásitì Ìbàdàn bóyá wọ́n láyè. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n o. Ẹ má gbé e dé ẹnu géètì kí ẹ sá lọ.

Àkókò wa ti tó. Lẹ́yìn ìròyìn, a ó gba ìpè, kí ẹni tó ní ìjàpá nílé gbé e sítòsí kó tó pè, torí mo máa ní kó sọ fún mi bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí.